Ṣé Ẹbí Kan Ni Gbogbo Ará Ìlàrè?

ÌBÉÈRÈ

Ìlàrè ní Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ń gbé títí di òní. Ẹja ni mò ń tà, tútù àti gbígbẹ.

Ọmọ mi obìnrin ti rí ẹni tí ọkàn rẹ̀ yàn. Ọmọ náà níwà, ó níṣẹ́ lọ́wọ́, ó mọ àgbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bi í pé ọmọ ìlú wo ni, ó ní ọmọ Ìlàrè lòun. Ó yà wá lẹ́nu, nítorí kò sí ẹni tó mọ ilé wọn ládùúgbò wa. Àṣé Ìlàrè tó wà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ló ń wí, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Obòkun. Láti ọjọ́ náà ni ilé wa ti pín sí méjì. Àwọn àgbà kan ní ará Ìlàrè kì í fẹ́ ará Ìlàrè, pé ẹ̀jẹ̀ kan náà ni, pé orúkọ kì í ṣèèṣì bára mu. Àwọn mìíràn ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Èkejì. Ọbẹ̀ ẹja ọ̀bọ̀kún ni mo ní lọ́kàn láti sè lọ́jọ́ ìdána, nítorí ẹja tó dáa ni, ó sì yẹ àlejò pàtàkì. Àbúrò ọkọ mi ní kí n má dán an wò. Ó ní ọmọ Obòkun ni àwọn àna wa, orúkọ Ọwá Obòkun ni ẹja náà sì ń jẹ́, pé bí mo bá gbé e síwájú wọn, àfi bí ẹni tó fi baba ńlá wọn se ọbẹ̀.

Ẹ̀kẹta. Àbúrò mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù dá sí ọ̀rọ̀ náà lórí fóònù. Ó ní ìlú kan wà ní Finland tó ń jẹ́ Kemi, pé Yorùbá ló tẹ̀ ẹ́ dó láyé àtijọ́, orúkọ rẹ̀ ló fi hàn. Ó ní bí Yorùbá bá dé ọ̀hún, kí la ó tún máa ṣiyèméjì sí nípa Ìlàrè méjì tó wà ní ìpínlẹ̀ kan náà?

Àwọn àna wa ń retí ọjọ́ lẹ́nu wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa dá sí i.

Ìyá Ìyàwó, Ìlàrè, Ilé-Ifẹ̀

ÌDÁHÙN

Ìyá wa, ẹ kú oríire ọmọ. Ọmọ tó rí ẹni tó wù ú, tí ẹni náà sì tún mọ àgbà, ọpẹ́ ló yẹ ká kọ́kọ́ dá. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìgbéyàwó, nítorí òun ló ń sáré.

Orúkọ Ìlàrè tí ibi méjèèjì jọ ń jẹ́ kò tó ohun tí a fi ń ní kí ọmọ méjì má fẹ́ra. Ẹ wo Ìlàrè tiyín níbẹ̀ ná. Ọ̀kan ni nínú àdúgbò ńlá márùn-ún tí Ifẹ̀ pín sí láti ayébáyé. Ìrẹmọ, Ìlódè, Mọ̀ọ̀rè àti Òkèrèwè ni àwọn yòókù. Àdúgbò tó gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ agbo ilé mọ́ra ni Ìlàrè. Baba tó tẹ agbo ilé kan dó yàtọ̀ sí baba tó tẹ èkejì dó, olúkúlùkù ló sì ní oríkì tirẹ̀. Bí ẹ bá ka ìyàwó ilé tó wà ládùúgbò yín lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí àwọn tó jẹ́ pé Ìlàrè náà ni wọ́n ti gbé wọn, láti agbo ilé kan sí òmíràn, tí ẹnikẹ́ni kò sì wí nǹkan kan. Ohun tí àwọn baba wa kọ̀ ni kí àwọn tí ẹ̀jẹ̀ pa wọ́n pọ̀ fẹ́ra, ìbáà ṣe níhà baba, ìbáà ṣe níhà ìyá. Bí ẹni tí ẹ jọ ń gba ojúde kan náà lọ sọ́jà bá lè fẹ́ ọmọ yín, kí ló máa sọ ẹni tó ti ìkọjá Iléṣà wá di ẹbí tí kò ṣeé fẹ́?

Mo mọ ohun tí àwọn àgbà yín yóò fi dá mi lóhùn. Wọn á ní Ifẹ̀ ni Ìjẹ̀ṣà ti ṣẹ̀ wá, nítorí náà ibi tí a bá ti rí orúkọ Ifẹ̀ nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ọmọ ilé wa ló gbé e lọ. Ìtàn Ìjẹ̀ṣà fúnra rẹ̀ gbà pé Ifẹ̀ ni orísun. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyí: ojú Odùduwà fọ́ nígbà ogbó, Ifá sì ní omi òkun ni wọn yóò fi wẹ̀ ẹ́ kó tó lè ríran. Ajíbógun, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àbúrò, ló gbà láti lọ. Ọ̀nà náà jìn, ó pẹ́ lọ́hùn-ún títí wọ́n fi rò pé kò ní padà mọ́. Ìgbà tó fi máa gbé omi òkun náà dé, tí ojú baba sì là, àwọn ẹ̀gbọ́n ti pín ogún tán. Idà ni baba fà lé e lọ́wọ́, pé kó fi wá ilẹ̀ tirẹ̀. Nítorí òkun tó bù wá ni wọ́n ṣe ń pè é ní Obòkun, orúkọ náà ló sì di oyè Ọwá Obòkun Àdìmúlà ti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Àdìmúlà tó wà nínú oyè yẹn, ẹ̀yin ọmọ Ifẹ̀ mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí a máa ń fi ki Ọọ̀ni pẹ̀lú. Ìbòkun tó jẹ́ olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ náà, ìtàn yìí kan náà ni wọ́n ń rọ́ mọ́ orúkọ rẹ̀.

Kò sí ohun tí mo fẹ́ yọ kúrò nínú ìtàn yìí. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká bá a dé òpin rẹ̀. Bí a bá ní nítorí pé Obòkun jẹ́ ọmọ Odùduwà, kí ọmọ Ìjẹ̀ṣà má fẹ́ ọmọ Ifẹ̀, a jẹ́ pé Ọ̀yọ́ kò ní fẹ́ Kétu, Ẹ̀gbá kò ní fẹ́ Òwu, nítorí Odùduwà yẹn náà ni gbogbo wọn ń pè ní baba. Ìran tó wà láàárín ìgbà náà àti òní kò ṣeé kà lórí ìka. Ẹbí tí àṣà wa ń wò nígbà ìgbéyàwó ni ẹbí tí àgbà lè tọ́ka sí: lágbájá bí tàmẹ̀dò, tàmẹ̀dò bí lámọrín.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù nìyí, nítorí ibẹ̀ ni mo ti máa ń rí i tí àwọn ìdílé ń ṣìnà. Orúkọ ìlú tí ọmọ ń dá, ìhà baba nìkan ló ń sọ. Ìyá baba rẹ̀ ńkọ́? Ìyá ìyá rẹ̀ ńkọ́? Obìnrin máa ń kúrò nílé baba rẹ̀ lọ sílé ọkọ, láàárín ìran méjì péré, àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ti di ọmọ ìlú mìíràn pátápátá. Ó ṣeé ṣe kí ọmọkùnrin kan máa jẹ́ ọmọ Òṣogbo tàbí ọmọ Ìbàdàn, kí orúkọ ìlú rẹ̀ má jọ tiyín rárá, kó sì jẹ́ pé àbúrò ìyá ìyá yín ló bí ìyá rẹ̀. Ìyẹn gan-an ni ẹ̀jẹ̀, orúkọ kankan kò sì ní ta yín lólobó. Bẹ́ẹ̀ ni ẹlòmíràn yóò máa jẹ́ ọmọ Ìlàrè bíi tiyín tí ẹ kò sì ní nǹkan kan pa pọ̀.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá rán àwọn àgbà lọ ṣe ìwádìí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n jókòó lé orí orúkọ ìlú. Kí wọ́n béèrè agbo ilé, níhà baba àti níhà ìyá, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyá àgbà. Kí wọ́n ní kí ìyá àgbà kan nílé ọ̀hún ki ọmọ náà ní oríkì orílẹ̀ rẹ̀, kí tiyín náà ki tirẹ̀. Inú oríkì ni àwọn ìdílé wa ń kó ìtàn pa mọ́ sí: ibi tí wọ́n ti ṣí wá, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, ogun tó lé wọn kúrò níbì kan, òrìṣà tí wọ́n ń bọ kí ẹ̀sìn mìíràn tó dé. Bí oríkì méjì bá ń rìn papọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ dúró kí ẹ wádìí sí i. Bí wọn kò bá jọra, ẹ máa palẹ̀ ìdána mọ́.

Ẹ máà jẹ́ kí n mú yín rò pé orúkọ tó bára mu kì í ní ìtumọ̀ rárá. Ìgbà mìíràn ẹbí gidi ni. Ẹ wo Òwu. Ìlú ńlá ni Òwu kí ogun tó tú u ká ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Ifẹ̀ sì wà lára àwọn tó gbógun náà tì í. Àwọn ọmọ rẹ̀ fọ́n káàkiri. Lónìí, Òwu wà ní Abẹ́òkúta, Orílé-Òwu wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ayédáadé ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wa yìí, Òwu-Kúta sì wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ayédire, nínú ìpínlẹ̀ kan náà. Bí ará Abẹ́òkúta bá pe ará Kúta ní ẹ̀gbọ́n, kò ṣìpè, nítorí kì í ṣe orúkọ nìkan ni wọ́n jọ ní: wọ́n ní ìtàn ogun kan náà, wọ́n ń jẹ oyè Olówu kan náà, wọ́n sì mọ ibi tí wọ́n ti tú ká.

Àbí kí á rìn jìnnà díẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè Tógò, nílùú Atakpamé tó tó nǹkan bí 160 kìlómítà sí Lomé, àwọn ènìyàn kan wà tí wọ́n ń pe ara wọn àti èdè wọn ní Ifẹ̀. Àwọn aládùúgbò wọn mọ̀ wọ́n sí Ana. Wọ́n tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààlà ní Bẹ̀nẹ̀. Ilé-Ifẹ̀ ni ìtàn wọn ní àwọn ti wá, bí wọ́n bá sì ń sọ̀rọ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ èdè wa yóò mọ̀ pé ará ilé ni wọ́n, bí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tilẹ̀ ti yí padà lẹ́nu wọn. Èdè àti ìtàn ló dúró ti orúkọ náà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kó má bàa ṣubú.

Àmọ́ ẹ padà sí Kúta. Òmíràn wà ní ìpínlẹ̀ Niger, òun ni olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Shiroro, àwọn Gbagyi ló ni ín. Wọn kì í jẹ oyè Olówu níbẹ̀, wọn kò sọ èdè Yorùbá, ìtàn ogun Òwu kò kàn wọ́n. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta ẹja sì mọ̀ pé ẹja òkun kan wà tí àwọn ará Èkó ń pè ní kútà, gígùn bí ọ̀pá, eyín rẹ̀ mú bí abẹ. Ìlú Òwu kan, ìlú Gbagyi kan, ẹja òkun kan. Bí ẹnì kan bá kọ KUTA sórí pátákó láìfi àmì kankan sí i, kò sí bí ẹ ṣe máa mọ èwo ló ń wí. Oyè pàápàá ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọba Ìbòkun ni wọ́n ń pè ní Ògbóni, àwọn ìlú Ìjẹ̀ṣà mìíràn náà sì ní oyè náà, mo sì ti rí àjèjì tó rò pé awo Ògbóni ni gbogbo wọn. Ọwá wà ní Iléṣà, Ọwá wà ní Ìgbájọ, Ọwá wà ní Ìdànrè, olúkúlùkù pẹ̀lú ààfin tirẹ̀.

Ẹ̀wẹ̀, ẹja yín. Ẹ̀yin lẹ mọ ọ̀bọ̀kún ju èmi lọ, nítorí náà ẹ dárí jì mí bí mo bá ń ṣàlàyé ọjà fún ọlọ́jà. Ẹja tí kò ní ìpẹ́ ni, ó ní irùngbọ̀n, ẹ̀gún líle sì wà lẹ́yìn rẹ̀ àti ní ìhà rẹ̀ méjèèjì tó lè gún ọwọ́ ẹni tí kò bá fura. Inú ọ̀sà Èkó, Ẹ̀pẹ́ àti Lẹ́kí ló pọ̀ sí, ó ń gbé inú omi odò àti omi tó dà pọ̀ mọ́ iyọ̀. Láti Senegal títí dé Angola ni ẹ ó ti bá a. Ó lè gùn tó 65 sẹ̀ǹtímítà. Nítorí irùngbọ̀n yẹn ni àwọn oníbàárà kan ṣe ń dà á pọ̀ mọ́ àrọ̀ tí wọ́n ń sìn nínú odò adágún, tí wọ́n ń pe méjèèjì ní kátífíìṣì. Ẹbí wọn yàtọ̀. Àrọ̀ ní ohun tó fi ń mí afẹ́fẹ́ lókè omi, ìdí nìyẹn tó fi ń pẹ́ láàyè nínú agbada yín. Ọ̀bọ̀kún kò ní i, kì í sì í pẹ́ kú tí ẹ bá ti gbé e kúrò lómi.

Irú ìdàpọ̀ yìí ló mú kí àwọn onímọ̀ ẹ̀dá fún ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan ní orúkọ alápá méjì, ètò tí Carl Linnaeus ará Sweden fi lélẹ̀ fún àwọn ẹranko ní 1758. Lacepède ará Faransé ló fún ọ̀bọ̀kún ní tirẹ̀ ní 1803, Chrysichthys nigrodigitatus sì ni ìwé ń pè é lónìí. Ẹnikẹ́ni tó bá ka orúkọ yẹn, ìbáà wà ní Dakar tàbí Luanda, ẹja kan ṣoṣo yìí ni yóò wá sí i lọ́kàn. Àwọn apẹja tiwa máa ń na orúkọ ọ̀bọ̀kún dé orí àwọn ìbátan rẹ̀ tó jọ ọ́, kò sì burú, nítorí lójú agbada, bákan náà ni wọ́n rí.

Ṣé Ọwá Obòkun ló ni orúkọ ẹja náà? Ẹ pe méjèèjì síta, ẹ gbọ́ ọ: Obòkun, ọ̀bọ̀kún. Fáwẹ̀lì wọn yàtọ̀, ohùn wọn yàtọ̀. Obòkun ti Ọwá ní ìtàn tó ṣàlàyé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, omi ló wà nínú ìtàn náà, kò sí ẹja nínú rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá kọ wọ́n láìfi àmì sí i lórí fọ́ọ̀mù ìjọba, lórí mọ́tò àti lórí pátákó ni wọ́n di OBOKUN kan náà. Ọwọ́ akọ̀wé ló so wọ́n pọ̀.

Bó bá wá jẹ́ pé ẹ̀rù èèwọ̀ ló ń ba àbúrò ọkọ yín, ẹ má bínú sí i, ìfẹ́ ilé ló ń ṣe é. Àwọn orúkọ kan wà nílẹ̀ wa tó jẹ́ pé ènìyàn àti ẹranko jọ ń jẹ́ wọn nítòótọ́, tí èèwọ̀ sì wà níbẹ̀. A ń ki ìbejì mọ́ ẹdun, ọ̀bọ tó ń gbé orí igi gíga, ọ̀pọ̀ ilé ìbejì kì í sì í jẹ ẹran rẹ̀. Níbẹ̀, oríkì sọ ọ́, ìtàn sọ ọ́, àwọn ìyá ìbejì sì ń pa á mọ́. Ohun tí a fi ń mọ èèwọ̀ nìyẹn: àwọn tó ń pa á mọ́ wà, wọ́n sì lè sọ ọ́ fúnra wọn. Ẹ rán ẹnì kan lọ bi ìyá ọkọ ọmọ yín pé kí ni ilé wọn kì í jẹ. Ẹ bi í nípa gbogbo oúnjẹ o, ẹ má ṣe jẹ́ kó dà bí ẹni pé ẹja nìkan lẹ wá tìtorí rẹ̀. Àna tí wọ́n bi léèrè èèwọ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó dáná máa ń rí i pé wọ́n bu iyì fún òun. Bó bá ní ọ̀bọ̀kún kò sí níbẹ̀, ẹ lọ mú èyí tó tóbi jù lọ́jà.

Ó ku àbúrò yín tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Kemi wà ní Finland lóòótọ́. Ìlú etí òkun ni, ní apá àríwá, níbi tí odò Kemijoki ti ń ṣàn wọ òkun, òtútù ibẹ̀ sì pọ̀ débi pé wọ́n máa ń fi yìnyín kọ́ ilé ńlá fún àwọn àlejò lọ́dọọdún. Àṣẹ Alexander II, olú ọba Rọ́ṣíà tó ń ṣe àkóso Finland nígbà náà, ni wọ́n fi dá a sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìlú ní 1869. Kò sí ọwọ́ Yorùbá níbẹ̀. Kẹ́mi tiwa, gígékúrú Olúwakẹ́mi tàbí Adékẹ́mi ni.

Ẹ sọ fún un pé òmíràn wà tó tún dùn ún gbọ́ ju ìyẹn lọ. Ní Hungary, obìnrin ni wọ́n ń sọ ní Tünde. Akéwì kan tó ń jẹ́ Mihály Vörösmarty ló hun orúkọ náà láti inú ọ̀rọ̀ èdè wọn fún iwin, ó sì fi sọ ọmọbìnrin inú eré tó tẹ̀ jáde ní 1831. Láti orí ìwé ni àwọn òbí ti mú un sọ ọmọ wọn. Ẹ fojú inú wo Babátúndé wa kan tó bá ara rẹ̀ ní Budapest, tí wọ́n ń retí obìnrin! Ní Norway, ọkùnrin ni Ola. Ní Poland, ọmọbìnrin ni, gígékúrú Aleksandra. Nílé wa, Ọlá jẹ́ ti ọkùnrin àti obìnrin.

Ìdí tí èyí fi ń ṣẹlẹ̀ kò ṣòro. Kọ́ńsónáǹtì 18 ló wà nínú èdè wa, fáwẹ̀lì àìránmúpè sì jẹ́ 7. Bí a bá fi kọ́ńsónáǹtì kan àti fáwẹ̀lì kan ṣe sílébù, àwọn tí a lè ṣe jẹ́ 126. Orúkọ onísílébù méjì irú èyí, bíi Kẹ́mi, kò lè kọjá 15,876 bí a bá pa ohùn tì. Bí a bá fi ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wa sí sílébù kọ̀ọ̀kan, iye náà di 142,884. Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá kọ ọ́ bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń kọ ọ́ lórí fóònù, láìsí àmì ohùn, láìsí àmì ìsàlẹ̀. Ẹ di e, ọ di o, ṣ di s, gbogbo rẹ̀ já sí 7,225. Èdè tó wà láyé tó nǹkan bí 7,000, olúkúlùkù ló ń fi ìwọ̀nba ìró sọ ọmọ àti ìlú lórúkọ. Ìyàlẹ́nu ni yóò jẹ́ bí wọn kò bá pàdé.

Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn àbúrò yín. Ẹni tó wà lókèèrè máa ń fẹ́ rí ilé níbi gbogbo tí ojú rẹ̀ bá dé, kò sì sí ohun tó burú nínú ìyẹn. Àmọ́ ó dùn mí nígbà tí mo bá rí àwọn ọ̀dọ́ wa tí wọ́n ń fi orúkọ tó bára mu kọ́ ìtàn tí kò ní ìpìlẹ̀, nígbà tí ìtàn tó dájú wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè. Kó ka nípa Ọ̀yọ́túnjí, abúlé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní South Carolina ní Amẹ́ríkà ní 1970. Ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí sí Detroit ní 1928, Walter King, ló di Ọba Adéfúnmi níbẹ̀. Ilé-Ifẹ̀ yín yìí ló wá ní 1981, tí Ọọ̀ni Okùnadé Ṣíjúwadé sì fọwọ́ sí oyè rẹ̀. Àwọn tó dá abúlé náà sílẹ̀ kò sọ pé àwọn lè ka ìran baba wọn dé Ọ̀yọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ mú orúkọ náà ni, wọ́n sì sọ ìdí rẹ̀ fún gbogbo ayé. Òtítọ́ yẹn ló ń mú mi bọ̀wọ̀ fún wọn.

Orúkọ ènìyàn nílé wa pàápàá kò yẹ kó máa ṣì wá lọ́nà. Táíwò tó wà láyé kò lóǹkà, Ìdòwú kò lóǹkà, Òjó, Àìná, Ìgè àti Dàda pẹ̀lú. Bí ọmọ ṣe wáyé ni orúkọ àmútọ̀runwá ń sọ, kò sọ ilé tó wáyé sí. Bí orúkọ baba ọkọ ọmọ yín bá tún wá jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ti baba yín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tún fi ìyẹn dá ìdána dúró.

Ohun kan wà tí orúkọ, oríkì àti èèwọ̀ kò lè sọ fún yín, ìyẹn ni jẹnotáìpù. Nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin, nǹkan bí ẹnì kan ló jẹ́ AS, ara rẹ̀ á sì dá ṣáṣá, kò ní mọ̀. Bí AS bá fẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé kí ọmọ jẹ́ SS, ìyẹn ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde. Kò dìgbà tí wọ́n bá jẹ́ ẹbí. Ẹni tó wá láti Ìlàrè Ifẹ̀ àti ẹni tó wá láti Kúta ti àwọn Gbagyi lè jọ jẹ́ AS. Ẹ jọ̀wọ́, kí àwọn ọmọ méjèèjì lọ ṣe àyẹ̀wò kí ìdána tó tó. Ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà nítòsí yín, ẹ̀ka rẹ̀ tó ń jẹ́ Wesley Guild sì wà ní Iléṣà nítòsí ilé ọkọ. Bí wọ́n bá ti ṣe é rí, kí wọ́n tún un ṣe, kí àwọn méjèèjì sì mú ìwé èsì wá kí wọ́n jọ kà á. Ọ̀rọ̀ yìí ni ì bá ti gba gbogbo ariwo tí orúkọ Ìlàrè ń gbà nílé yín.

Bí ẹ bá wá fẹ́ tẹ ìwé ìpè, ẹ má ṣe kọ "Ilare, Osun State" sí i, nítorí Ọ̀ṣun ni méjèèjì wà, ẹni tó bá gbé e sínú fóònù kó fi ọ̀nà hàn án lè bá ara rẹ̀ níkọjá Iléṣà nígbà tí ẹ ń retí rẹ̀ ní Ifẹ̀. Àwọn tí ojú wọn kò mọ́ ibẹ̀ tún lè kà á sí Ìlárá, tó wà ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní Ògùn, ní Èkó àti lẹ́bàá ààlà Bẹ̀nẹ̀. Ẹ kọ ọ́ báyìí: ìdílé ìyàwó, Ìlàrè, Ilé-Ifẹ̀; ìdílé ọkọ, Ìlàrè-Ìjẹ̀ṣà, Ìjọba Ìbílẹ̀ Obòkun. Kí ẹ fi orúkọ agbo ilé yín sí i, kí ẹ sì kọ ilé tí ìdána yóò ti wáyé lọ́tọ̀, ní lẹ́tà gàdàgbà.